Kí Ni Yàrá Ń Ṣe fún Àwọn Tó Ń Ronú Pọ̀?

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló gbà pé bí àwọn bá ti wó ògiri tó wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́, tí gbogbo wọn jókòó sí gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ á máa lọ á máa bọ̀, ìmọ̀ á sì máa ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn láìsí wàhálà. Àwọn olùwádìí méjì, Ethan Bernstein àti Stephen Turban, lọ wọ̀n ọ́n wò ní orílé-iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá méjì, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́rùn tó ń mọ ìgbà tí ẹni méjì bá kọjú síra wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kó wọn sí gbọ̀ngàn aláìlógiri, ọ̀rọ̀ ojúkojú já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100. Íméèlì àti ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà ló pọ̀ sí i.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí gbogbo ojú ń wò kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ẹni tó ń fàkókò ṣòfò. Ẹni tó fẹ́ béèrè ìbéèrè kékeré mọ̀ pé ogún èèyàn ló máa gbọ́ ọ, ló bá kúkú tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ráyè ronú kò rí ilẹ̀kùn tì, ló bá fi íápíìsì dí etí, tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ògiri tí wọ́n wó nílẹ̀, àwọn èèyàn tún un mọ yí ara wọn ká.

Yàrá kì í bá èèyàn ronú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń mú kí àwọn nǹkan kan rọrùn, kí àwọn mìíràn sì nira: ká rí ara wa, ká gbọ́ ara wa, ká fi èrò wa sílẹ̀ síbi tí ẹlòmíràn á ti bá a, ká sì tún lè yẹra sẹ́yìn láti dá ronú. Ìkẹrin yìí la sábà máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé àwọn mẹ́ta tó kù ró.

Ìgbésẹ̀ ogójì

Thomas Allen ti ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà wo bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, ó sì kó ohun tó rí jọ sínú ìwé kan lọ́dún 1977. Ó rí i pé bí tábìlì ẹni méjì bá ṣe ń jìnnà síra, ọ̀rọ̀ tó ń kọjá láàárín wọn kì í kàn dín kù díẹ̀díẹ̀, ó ń já lulẹ̀ ni. Láàárín mítà mélòó kan àkọ́kọ́ ló ti ń já. Tó bá fi tó nǹkan bí mítà 30, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Tó bá tó mítà 50, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ mọ́ láàárín ẹni tó wà lẹ́yìn kọ̀rídọ̀ àti ẹni tó wà ní ìlú mìíràn. Àtẹ̀gùn tún burú ju kọ̀rídọ̀ lọ, torí pé ẹni tó wà ní àjà kejì ti kúrò lójú pátápátá.

Ẹ má pè é ní ìmẹ́lẹ́. Mítà 30 jẹ́ nǹkan bí ìgbésẹ̀ ogójì. Bí ọ̀rọ̀ ńlá bá wà nílẹ̀, èèyàn á rìn ín. Àmọ́ iṣẹ́ àjọṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ ti ara ọ̀rọ̀ ńlá bàjẹ́. Ìbéèrè kékeré ló ń bà á jẹ́. «Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yìí, ṣé ti oṣù tó kọjá ni àbí ti oṣù yìí?» Kò sẹ́ni tó máa dìde rin ìgbésẹ̀ ogójì tìtorí èyí. Ó máa méfò, àfojúdá náà á wọnú iṣẹ́, ọjọ́ ìpàdé ni wọ́n á tó mọ̀ pé ó ti ṣì, lẹ́yìn tí ẹni mẹ́ta mìíràn ti kọ́ iṣẹ́ tiwọn lé e lórí.

Torí náà, kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ ya àwòrán ilẹ̀ ilé iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fa ìlà láàárín àwọn tó ń bi ara wọn ní nǹkan lójoojúmọ́. Bí ìlà kan bá gùn ju mítà 10 lọ, àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sún mọ́ra. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù lè wà níbi tí wọ́n wà. Ohun tí ikọ̀ méjì jọ ń lò, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti omi mímu, ẹ gbé e sí àárín wọn, kó má ṣe wà ní ìpẹ̀kun ibi tí ẹnikẹ́ni kì í kọjá.

Lọ́dún 2000, àwọn olùwádìí kan tí Stephanie Teasley wà lára wọn ròyìn àwọn ikọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan kó sí yàrá kan náà, ikọ̀ kan sí yàrá kan. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jáde tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí tí ilé iṣẹ́ náà mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á béèrè ìdí tí gbọ̀ngàn ti Bernstein fi kùnà tí èyí fi yọrí sí rere. Ìyàtọ̀ wọn ṣe kedere: ikọ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá yìí, ohun tí ẹnì kan bá gbọ́ kan iṣẹ́ tirẹ̀ náà, àyè sì wà nítòsí fún ẹni tó bá fẹ́ dá wà. Ogún èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ ogún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú gbọ̀ngàn kan kì í ṣe ikọ̀, wọ́n kàn jọ ń pín ariwo ni.

Ògiri tó ń rántí

Edwin Hutchins, nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1995, ṣàlàyé bí àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ojú omi ti ogun Amẹ́ríkà ṣe ń mọ ibi tí ọkọ̀ wọn wà bí wọ́n bá sún mọ́ èbúté. Ẹnì kan ń wo àmì tó wà létí òkun, ó ń pe ìwọ̀n igun tó rí. Ẹlòmíràn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ń fa ìlà rẹ̀ sórí máàpù. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tí gbogbo rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Orí máàpù ni ìrònú gbogbo wọn ti ń pàdé. Bí ìlà mẹ́ta bá pàdé sójú kan, ibi tí ọkọ̀ wà nìyẹn. Bí wọ́n bá fi onígun mẹ́ta ńlá sílẹ̀ láàárín, gbogbo ẹni tó bá bojú wò ó ti mọ̀ pé àṣìṣe wà níbì kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ohun tí pátákó funfun wà fún gan-an nìyẹn. Èrò tó wà lẹ́nu ń parẹ́ bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ mìíràn lé e, ẹni tó ń sọ ọ́ ló sì ni ín. Èrò tó bá ti wà lára ògiri ti di ti gbogbo èèyàn: a lè nàka sí i, a lè fi ọfà so ó mọ́ òmíràn, a lè pa á rẹ́ láìfi ojú ẹni tó sọ ọ́ gbolẹ̀.

Ìwọ̀n pátákó náà ṣe pàtàkì. Èyí tó fẹ̀ ní mítà 1.2 kò gbà ju ẹnì kan lọ, nígbà náà, ẹni tó mú máákà ló ń pinnu ohun tí ìpàdé gbọ́: ohun tó bá kọ ló wà, ohun tí kò kọ ti lọ. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀ tó mítà 2.4 ó kéré tán, kí ẹni mẹ́ta lè dúró tì í lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80 sí ilẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n bá kọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ, orí àwọn tó jókòó níwájú á bò ó. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ ga tó mílímítà 5 fún mítà kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín pátákó àti ẹni tó jókòó jìnnà jù. Bí ẹni náà bá wà ní mítà 6, lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 ló máa rí kà dáadáa, èyí sì tóbi ju bí ọwọ́ ṣe ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ lọ. Dúdú àti búlúù ni kí ẹ fi kọ̀wé. Pupa àti àwọ̀ ewé, àmì ni kí ẹ fi wọ́n ṣe, torí pé àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya àwọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀.

Bí pátákó bá kọjú sí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á máa dán lórí rẹ̀, ìdajì àwọn tó wà níjòókòó kò ní rí nǹkan kan. Bí fèrèsé bá sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú ẹni tó ń kọ̀wé á ṣókùnkùn. Ògiri ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló dára jù, kí ìmọ́lẹ̀ orí tábìlì tó nǹkan bíi lux 500 (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀).

Àṣìṣe tó ń dun èèyàn jù níbí yìí ni nínu pátákó. Ikọ̀ fi wákàtí méjì tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn wọlé, wọ́n nù ún. Ọjọ́ kejì, ikọ̀ àkọ́kọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún bá ara wọn jà lórí ohun tí wọ́n ti parí. Ikọ̀ tó bá ní iṣẹ́ ọlọ́jọ́ gbọọrọ gbọ́dọ̀ ní ògiri tirẹ̀ títí iṣẹ́ náà á fi tán. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ̀wé sórí bébà ńlá tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ẹ lè ká lọ. Ẹ kọ déètì sí i, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo àkókò tí ẹ fi ń bá sílàìdì orí ẹ̀rọ lọ, ẹ rántí pé ojú ewé kan ni wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kan. Tí ìkẹta bá ti dé, àkọ́kọ́ ti kúrò níwájú wọn, kò sì sẹ́ni tó lè fi méjèèjì wéra.

Tábìlì àti ojú

Ojú lọ̀rọ̀ wà, tábìlì ló sì ń pinnu ojú tí a máa rí. Lọ́dún 1950, Bernard Steinzor kíyè sí i pé nínú ẹgbẹ́ tó jókòó yípo, ẹni tó dojú kọ èèyàn lọ́ọ̀ọ́kán lèèyàn sábà máa ń fèsì fún, kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Lórí tábìlì gígùn tóóró tó gba èèyàn méjìlá, àwọn márùn-ún tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kò lè rí ojú ara wọn àfi bí wọ́n bá nà síwájú, gbogbo wọn á wá máa bá ìkángun tábìlì sọ̀rọ̀, níbi tí ọ̀gá wà. Ohun tí wọ́n pè ní àpérò ti di ìjíhìn nìyẹn. Robert Sommer ní tirẹ̀ rí i pé igun tábìlì ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn jù láàárín ẹni méjì: wọ́n ń rí ara wọn, wọ́n lè gbójú kúrò nígbà tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n sì jọ ń ka ìwé kan náà. Ẹ fi ẹni méjì tó ń ṣàtúnṣe ìwé kan jókòó bẹ́ẹ̀.

Èèyàn kan nílò sẹ̀ǹtímítà 60 sí 75 létí tábìlì. Tábìlì róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5 ní etí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4.7: ó tu ẹni mẹ́fà lára, ẹni mẹ́jọ á fún mọ́ra díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹni méjìlá yí tábìlì róbótó ká, ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó mítà 2.3, nígbà náà ọwọ́ kankan kò tó ìwé tó wà láàárín mọ́, wọ́n á sì máa gbóhùn sókè. Iye àwọn tó jókòó ló fa ìṣòro yẹn, tábìlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fay, Garrod àti Carletta fi ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún wé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá lọ́dún 2000. Láàárín ẹni márùn-ún, ìtàkùrọ̀sọ ni. Àwọn tó bá wọn fèsì síra ló ń yí wọn lérò padà. Láàárín ẹni mẹ́wàá, ó di ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń sọ tí àwọn yòókù ń gbọ́, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ jù ni èrò wọn ń tẹ̀ lé.

Bí ẹ bá wá jẹ́ méjìlá, ẹ pín sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹni mẹ́rin mẹ́rin, kí mítà 3 wà láàárín ẹgbẹ́ kan àti èkejì kí ohùn wọn má baà wọnú ara wọn. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ohun tó kọ wá sí iwájú gbogbo yín. Tábìlì kéékèèké tó ní táyà lábẹ́ ló yẹ fún èyí. Tábìlì ńlá olówó iyebíye tí kò ṣeé sún ti pa ọ̀nà yẹn dé mọ́ yín lójú.

Yàrá tó tóbi jù náà ń ṣèpalára. Nígbà tí bọ́ǹbù ba gbọ̀ngàn àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1941, Winston Churchill, tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà, takú pé kí wọ́n tún un kọ́ bó ṣe wà, kí ó má sì gba gbogbo aṣòfin lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1950. Títí di òní, àyè ìjókòó 427 ló wà níbẹ̀ fún aṣòfin 650. Ohun tó rò ni pé gbọ̀ngàn tó bá gba gbogbo èèyàn á ṣófo lọ́pọ̀ ọjọ́, ọ̀rọ̀ á sì kú nínú rẹ̀. Ó tọ̀nà lórí ìwọ̀n. Ní ti bí wọ́n ṣe ń jókòó níbẹ̀, tí ẹgbẹ́ méjì kọjú síra bí ẹni tó fẹ́ jà, ó yẹ fún ibi tí wọ́n ti ń ta ko ara wọn, kò yẹ fún ibi tí ẹ ti fẹ́ jọ kọ́ nǹkan. Ẹ yan yàrá tó há díẹ̀ ju èyí tó ṣófo, kí ẹ sì yan ìyípo ju ìkọjúsíra lọ.

Ohùn àti afẹ́fẹ́

Ohun tó ń da ìrònú ẹni tó wà nítòsí rú ju ariwo lásán lọ ni ọ̀rọ̀ tí etí lè tú. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ohùn fáànù látàárọ̀ dalẹ́, àmọ́ tí ọ̀rọ̀ tí aládùúgbò rẹ̀ ń sọ lórí fóònù fi ń kó iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá ìpàdé yín. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tó ń dún tẹ̀ lé e, ohùn ń ta lára ògiri lásán àti gíláàsì, ẹni tó jókòó lẹ́yìn á sì máa fi agbára méjì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ìró yàrá kékeré kò yẹ kó kọjá bíi 0.6 ìṣẹ́jú àáyá kó tó kú. Kápẹ́ẹ̀tì nìkan kò tó. Ẹ fi ohun rírọ̀ tó nípọn sí àjà, tàbí sí ògiri méjì tó bá ara wọn ní igun. Bí ẹ bá fi sí ẹyọ ògiri kan ṣoṣo, ìró á máa sáré láàárín àwọn yòókù.

Ti afẹ́fẹ́ ni àwọn èèyàn kì í fura sí. Ẹnì kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bíi lítà 18 kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì síta láàárín wákàtí kan. Ẹ mú yàrá tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 4, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 2.7: lítà afẹ́fẹ́ 54,000 ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹni mẹ́jọ bá ti ara wọn mọ́ ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á fi lítà 72 kún un. Nínú lítà afẹ́fẹ́ ìta mílíọ̀nù kan, nǹkan bíi lítà 420 ni kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì. Inú yàrá yìí á ti tó nǹkan bí 1,750. Orí á wúwo, oorun á máa kunni, wọ́n á sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà ló sú wọn. Ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lára ògiri kì í yanjú rẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ló ń mú tutù tó ń dá padà. Afẹ́fẹ́ ìta ni wọ́n nílò, bíi lítà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń fà á wọlé, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó kọjú síra, kí ẹ sì jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45.

Ilẹ̀kùn tó ṣeé tì

Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe ṣe àyẹ̀wò kan lọ́dún 1987 tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń darí ìpàdé mọ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tó dá jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n wá kó èrò wọn jọ ń mú èrò wá ju iye kan náà tó jókòó pọ̀ lọ. Ìdí tó lágbára jù ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan: bí ẹ ti ń dúró de àyè, ẹ̀ ń gbìyànjú láti má gbàgbé èrò yín, ẹ kò sì lè bí òmíràn. Torí náà, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọ̀wé ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹ tó la ẹnu. Àkójọpọ̀ dára fún yíyàn, fífi wéra àti ṣíṣàtúnṣe. Orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló dára jù fún bíbí èrò.

Ilé náà gbọ́dọ̀ gba méjèèjì láàyè. Yàrá kékeré tó gba ẹnì kan tàbí méjì, tó ní ilẹ̀kùn gidi, gbọ́dọ̀ wà láàárín mítà 15 sí ibi àpéjọ, kí lílọ àti bíbọ̀ má ṣe di ìrìn àjò. Ẹ ṣe wọ́n pọ̀ ju yàrá ńlá lọ. Ibi tí wọn kò bá ti tó, ẹni méjì lẹ máa bá nínú yàrá ẹlẹ́ni méjìlá látàárọ̀, tí ikọ̀ tó nílò rẹ̀ sì ń dúró sí kọ̀rídọ̀.

Ohun kan tún wà tí owó kì í rà. Ní MIT, wọ́n fi pátákó igi kọ́ ilé kan lọ́dún 1943 fún iṣẹ́ rádà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lókèèrè, wọ́n sì ní àwọn á wó o lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé 20 lorúkọ rẹ̀, ó sì dúró títí di 1998. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá nílò wáyà láti yàrá kan sí èkejì á lu ihò sára ògiri láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn kò jọra sì ń bá ara wọn pàdé ní kọ̀rídọ̀ rẹ̀. Ikọ̀ tó lè sún tábìlì, tó lè kàn nǹkan mọ́ ògiri, á tún yàrá rẹ̀ ṣe bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń yí padà. Bí ó bá ní láti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì kan kó tó gbé àga, kò ní gbé e.

Bí ẹnì kan bá ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì dara pọ̀, ẹ gbé kámẹ́rà sí ibi tó ga tó ojú àwọn tó jókòó, kí pátákó wà nínú ohun tó ń rí, kí gbohùngbohùn má sì jìnnà ju mítà 1.5 lọ sí ẹnikẹ́ni. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fún láyè láti sọ̀rọ̀, torí pé kò lè rí ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ la ẹnu.

Kí ẹ tó náwó lé tábìlì tàbí ògiri tuntun, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù ya ìwọ̀n rẹ̀ sí ilẹ̀, kí ẹ gbé àga sí i, kí ikọ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣiṣẹ́ gidi nínú rẹ̀. Ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa fa ìlà lórí bébà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó fèsì. Àga tí ìlà kankan kò bá dé, ẹ sún un síbòmíràn kí ìpàdé tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀.